Obìnrin Tí Mo Ń Kúnlẹ̀ Kí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé ẹni rere ló ń bá yín sọ̀rọ̀: mò ń jowú Aunty Mìsítúrà. Ó ti pẹ́. Mò ń jowú awọ ara wọn tó ń dán ní ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, bẹ́ẹ̀ òrí lásán ni wọ́n fi ń para. Mò ń jowú orúnkún wọn tí kì í dùn wọ́n. Mò ń jowú bí gbogbo ayé ṣe ń pè wọ́n ní Mummy, títí kan òyìnbó tó ń wa bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa kọjá ní Rye Lane. Èmi ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, "excuse me" ni wọ́n ń pè mí.

Ẹ sì wò ó, bí inú mi ṣe ń ru tó yìí, ẹnu mi ò gbà kí n pè wọ́n bí ẹgbẹ́ mi. "Wọ́n" ni mo ṣì ń wí. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ní Ìsẹ́yìn nìyẹn kí wọ́n tó mú mi wá sí Peckham ní Ìlú Ọba níbí lọ́mọ ọdún méjìlá, mi ò sì tíì rí ẹni tó lè bá mi yọ ọ́ kúrò lára.

Yàrá kan náà la ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn ojú kan tí mi ò ní dárúkọ, torí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Iṣẹ́ wa ni kí á máa gbé fóònù, kí á máa fún àwọn aláìsàn ní ọjọ́ tí dókítà máa rí wọn. A ní fèrèsé kan níwájú fún àwọn tó bá fi ẹsẹ̀ ara wọn wá. Jonathan ni mánéjà wa, òyìnbó jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Forest Hill, tó máa ń ní "sorry" fún ilẹ̀kùn tó bá gbá a lórí. Mo ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Ọdún méjì péré ni Aunty ti lò nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, èmi gan-an ni mo sì kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà wa, bẹ̀rẹ̀ láti orí bí a ṣe ń tàn án.

Lórí fóònù, òyìnbó ni mí. Mi ò pète rẹ̀ o, ilé-ìwé tí mo lọ níbí ló fún mi ní ohùn yẹn. Sid ni mo máa ń pe ara mi, torí tí mo bá ní Sidikat, wọ́n á ní kí n máa pe lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n tó parí, aláìsàn mẹ́rin á ti wà lórí ìlà. Bàbá àgbàlagbà kan wà tó fi odindi ogún ìṣẹ́jú sọ fún mi pé àwọn àjèjì ló gba gbogbo ààyè ní ilé ìwòsàn mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́. Mo ní, "Shocking, isn't it?" Mo fún un ní ọjọ́ Túsìdè. Nígbà tó dé, ó dúró níwájú fèrèsé mi, ó ní Sid lòun fẹ́ rí, òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin dáadáa yẹn. Mo ní Sid ti lọ jẹun. Ó na ife tíì tó ti mu tán sí mi, ó ní tí Sid bá dé, kí n bá òun kí i.

Ti Jonathan tún yàtọ̀. Èmi ga, mo tínrín, irun dídì ni mo máa ń ṣe. Aunty kúrú, wọ́n sanra díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì rí irun wọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti Mẹ́kà dé. Síbẹ̀ Jonathan á wo ojú mi kòrókòró, á ní, "Morning, Misturah." Ó tilẹ̀ kí mi kú oríire Hájì. Mo ní ó ṣeun. Nínú ìpàdé, mo dábàá pé kí á máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn aláìsàn ní ọjọ́ méjì ṣáájú kí wọ́n má baà gbàgbé. Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Jonathan sọ ohun kan náà, wọ́n ní ọgbọ́n ńlá ni. Èmi náà bá wọn pàtẹ́wọ́, kí wọ́n má baà ní mo le ojú.

Nígbà tó yá ṣá, ó rí ohun tó fi ń dá èmi àti Aunty mọ̀. Èmi ni èyí tó ń kúnlẹ̀.

Kí n sọ ẹni tí Aunty jẹ́. Ẹdẹ ni wọ́n ti wá, ní 1999, pẹ̀lú ọkọ wọn àti ọmọkùnrin méjì. Ọkọ padà lọ sílé láti lọ kọ́ ilé. Ó kọ́ ilé náà parí lóòótọ́, ó sì gbé ìyàwó mìíràn sínú rẹ̀. Aunty mú ìgbálẹ̀. Ogún ọdún ni wọ́n fi gbálẹ̀ ọ́fíìsì kiri Stockwell àti gbogbo agbègbè yìí, títí kan ilé ìwòsàn tiwa gan-an. Wọ́n mọ ẹni tó ń jókòó síbi gbogbo láti ara ohun tó ń sọ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Wọ́n tọ́ àwọn ọmọ náà nínú fúláàtì oníyàrá méjì kan lẹ́bàá Queen's Road, ọ̀kan di amòfin, èkejì ń tún lífítì ṣe. Ní ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni wọ́n lọ jókòó láàárín àwọn ọmọdé ní láíbìrì, tí wọ́n ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń gbálẹ̀ yàrá wa tẹ́lẹ̀ ló wá di ẹni tó ń jókòó nínú rẹ̀.

Wọn kì í pariwo. Èyí tún máa ń bí mi nínú. Tí aláìsàn bá bú wọn lórí fóònù, wọ́n á ní, "God bless you, my darling," onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, á máa ròyìn ológbò rẹ̀ tó kú. Èmi gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, "God bless you, my darling." Ẹni náà ní kí n fún òun ní mánéjà.

Láràárọ̀, tí Aunty bá ti wọlé, mo máa ń dìde. Mi ò rò ó rí, ẹsẹ̀ mi ló ń gbé mi. Màá lọ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, màá kúnlẹ̀. Kì í ṣe pé mo kàn ń tẹ orúnkún o. Orúnkún méjèèjì á kan kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ káàárọ̀ mà, Aunty. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Màá gba báàgì wọn, màá bá wọn fi kóòtù kọ́. Tó bá di ọ̀sán, màá bá wọn gbé oúnjẹ kaná. Àwọn náà á ní, "Sìdí mi, Ọlọ́run á gbé ẹ ga," wọ́n á sì ka dàbínù méje sórí tábìlì mi láti inú ike yógọ́ọ̀tì kan. Méje gééré, lójoojúmọ́.

Àfi bí ipò olórí yàrá wa ṣe ṣófo. Jonathan ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé. Mo ti mọ̀ pé tèmi ni. Ta ló kù? Ọdún mọ́kànlá! Èmi ni wọ́n ń pè tí kọ̀ǹpútà bá kú, èmi ni mo mọ dókítà tó máa ń pẹ́ àti èyí tó máa ń purọ́ pé òun ò pẹ́. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo fi sínú báàgì. Ọjọ́ kejì, Aunty fi ọwọ́ pè mí sínú ilé ìdáná.

"Sìdí mi," wọ́n ní, "team leader tí wọ́n ń sọ yìí, mo fẹ́ try ẹ̀ wò. Ṣé wàá bá mi kọ form ẹ̀?"

Fọ́ọ̀mù tèmi wà nínú báàgì tó wà ní èjìká mi. Ó yẹ kí n sọ ọ́. Ó yẹ kí n ní, "Aunty, èmi náà fẹ́ ẹ." Ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ojú mi, wọ́n ń dúró. Mo ní, "Kò sí wàhálà, mà." Ẹnu yìí náà ni o, ẹnu tó ń jà pẹ̀lú gbogbo Peckham lórí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí tí wọn ò gbé.

Ọjọ́ Sunday ni mo lọ sí ilé wọn. Wọ́n fi ìrẹsì àti ẹja ńlá gbà mí lálejò, mo sì kọ fọ́ọ̀mù náà tọkàntọkàn, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ àgbà. A dé ibi kan tí wọ́n ti ní kí èèyàn sọ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé e. Aunty wo àjà. Èmi ni mo rí ohun tí a máa kọ. Mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dùn pé láràárọ̀, kí fóònù tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹlẹgbẹ́ wo? Èmi nìkan ṣoṣo ni! Mo padà sílé, ó ti rẹ̀ mí, mo fi wéréwéré kọ tèmi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Jonathan pè mí sínú yàrá kékeré. Mo rí páálí ìnujú tó ti gbé sórí tábìlì, mo sì ti mọ̀.

Ó ní mo ṣe dáadáa, àmọ́ Misturah ló gbà á. Ó ní, "You can't teach leadership, can you? People just go to her." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. "You most of all. Every single morning. It's rather beautiful." Lẹ́yìn náà ó ní ohun kan ṣì kù tí òun fẹ́ kí n ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó ní àwọn kan nínú yàrá wa ń sọ pé mo máa ń dẹ́rù bà wọ́n díẹ̀.

Èmi? Èmi tí wọ́n ń rí nílẹ̀ láràárọ̀ fún odindi ọdún méjì! Kápẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà yẹn ti pá ní ojú méjì, orúnkún mi ló pa á. Mo ní, "Frightened of me? Kneeling?" Jonathan fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "You see, that face, just there."

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ nílé, Aishah ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, tí wọ́n bí sí Peckham níbí, rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ fíríìjì. "Mummy, you actually knelt yourself out of a job."

Mo ní, "Àgbà ni wọ́n. Kí n máa wá dúró ṣanṣan kí àgbà?"

"She's not your aunty there, Mum. She's competition. Ní office yẹn, wọn ò know pé it's respect. They just see who's on the floor, innit. Ẹ stop it. Ẹ call her by her name, like everybody."

Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, ìlara ta mí lójú bí ata. Mo ń rò ó pé Aunty mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé mi ò lè kọ̀ fún wọn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n kọ ọ́. Wọ́n fi ọwọ́ mi gba oúnjẹ ẹnu mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tó mọ́, mo ti pinnu.

Wọ́n wọlé ní agogo mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tábìlì mi ni mo dúró sí. Orúnkún mi ti mọ ibi tó máa ń lọ. Mo gbé orí sókè, mo ní, "Good morning, Misturah."

Jonathan ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò gbé ojú sókè. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan. Nínú gbogbo yàrá yẹn, àwa méjì péré la mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá ìyá àgbà kan létí.

Aunty dúró. Wọ́n gbé báàgì láti ọwọ́ kan sí èkejì. Wọ́n wò mí, wọ́n wo aago ara ògiri, wọ́n wá sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ẹ́jẹ́ bí ìṣe wọn: "Good morning, Sidikat. Phones in ten minutes, please."

Sidikat. Láti ọdún méjì, wọn ò pe orúkọ yẹn pé sí mi rí. Mo jókòó. Mo ti gba ohun tí mo fẹ́, mi ò ní aunty mọ́, ọ̀gá ni mo ní.

Dàbínù dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ló kàn mí, dàbínù wà ní Rye Lane, mo lọ ra páálí kan odindi, mo gbé e sórí tábìlì. Kò dùn. Báyìí la ṣe wà fún oṣù mẹ́rin, "please" àti "thank you" ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa. Nígbà náà ni wọ́n gba ọmọbìnrin tuntun kan síṣẹ́, Wùmí, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ti Òṣogbo dé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, Aunty wọlé, Wùmí fò dìde, ó kúnlẹ̀ gbọnrangandan sí ojú ibi tí mo ti pa kápẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó gba báàgì. Kò pẹ́, mo rí ike yógọ́ọ̀tì. Mo kà á láti ibi tí mo jókòó sí. Méje ni.

Mo bínú nígbà tí wọ́n gba ipò mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo rí dàbínù mi lórí tábìlì Wùmí, ilé ìtọ̀ ni mo lọ, mo lọ sunkún.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni Jonathan. Ó pè mí, ó ní òun ti rí i bí mo ṣe dàgbà nínú iṣẹ́ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. "So much more presence, Sidikat." Ó mọ orúkọ mi báyìí. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣí ẹ̀ka kan ní Catford, wọ́n ń wá olórí, òun máa wà lára àwọn tó máa fi ọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò, kí n má sì jẹ́ kó kọjá mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ọ̀gá mi tààrà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí i nípa mi.

Ọ̀gá mi tààrà. Mo gbé ojú ewé yẹn kiri láti ọjọ́ Mọ́ńdè títí di Àlàmísì. Ní ọ̀sán Àlàmísì, mo rí Aunty nínú ilé ìdáná, wọ́n dá nìkan wà, wọ́n ń dúró de oúnjẹ wọn tó ń gbóná. Mo wọlé. Mo ti kọ́ ọ sórí: Misturah, could I possibly ask you. Mo ya ẹnu, Misturah kò jáde. Orúnkún mi ló sọ̀rọ̀, méjèèjì, lórí ilẹ̀ títutù yẹn.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Wọ́n na ọwọ́ sínú báàgì wọn, wọ́n mú ìwé kan tí wọ́n ti kọ dè mí láti ìgbà tí wọ́n gbọ́ ti Catford jáde, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n fún mi. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ní èmi ni mo kọ́ àwọn níṣẹ́. Wọ́n ní èrò fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aláìsàn, tèmi ni, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni mìíràn. Wọ́n ní èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù tí àwọn fi di ọ̀gá mi, àwọn ò sì mọ̀ nígbà náà pé èmi náà fẹ́ ẹ. Mo ka Gẹ̀ẹ́sì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn ju tèmi lọ. Ẹ gbà mí, níbi tí mo kúnlẹ̀ sí yẹn náà, ìlara tún mú mi.

Mo ní, "Aunty, ẹ mọ̀ ọ́n kọ báyìí, kí ló dé tí ẹ fi ní kí n bá yín kọ form yẹn nígbà yẹn?"

"Kí n má baà lọ dù ú lẹ́yìn ẹ ni. Ìwọ lo pẹ́ níbẹ̀ jù. Mo ní tó bá dùn ẹ́, wàá sọ fún mi." Ojú wọn pọ́n. "Ìwọ ní kò sí wàhálà, mà."

Ẹkún ló gbà mí. A gbọ́ bàtà tí Jonathan fi ń gun kẹ̀kẹ́, tó ń bọ̀ kọ́kọ́kọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Aunty Mìsítúrà di apá mi mú, wọ́n fà mí.

"Sìdí mi, tètè dìde," wọ́n ní. "Tó bá bá ẹ nílẹ̀ báyìí, Catford ti lọ nìyẹn."